Ẹ̀rọ Atọ́nà Wo Ni Ká Gbé Dání Tá A Bá Ń Lọ Sílé?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sabon Gari níbí, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, àti gbogbo ibi tí ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire fìdí kalẹ̀ sí nílẹ̀ Hausa, Iléyá ń bọ̀, òjò náà ti ń ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń wá táyà, tá a ń pààrọ̀ ọ́ìlì, torí ilé ti ń pè wá. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń gbé wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ atọ́nà wo ló ṣeé gbára lé? Ṣé ká ra èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ ni, àbí fóònù tó?

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tá a dúró sí kíá, kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá ọjà ẹ̀ lọ. Fóònù tó. Àmọ́ máàpù tó ti wà nínú fóònù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé nìkan lẹ lè pè ní tiyín. Èyí tó ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìkejì, ẹ̀rọ yòówù kẹ́ ẹ ní, ẹ má jẹ́ kó bá yín yan ọ̀nà. Kó máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún yín, kó máa sọ iye kìlómítà tó kù. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, èèyàn ni kó yàn án.

Ìdí tá a fi ń sọ èyí rèé. Láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa dé ìlú yìí, mọ́tò gáréèjì là ń wọ̀ lọ sílé. Dírẹ́fà ló mọ ọ̀nà, àwa oorun là ń sùn títí a ó fi gbọ́ pé wọ́n ń kígbe ẹ̀kọ àti àkàrà lójú fèrèsé, ká tó mọ̀ pé a ti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Dírẹ́fà yẹn kò ní máàpù kankan. Ohun tó ní ni pé ó mọ ẹni tó ń ta táyà ní Tegina, ó mọ ibi tí ọlọ́pàá máa ń wà, ó mọ aago tó yẹ kéèyàn ti kọjá Jẹ́bà. Tó bá gbọ́ ohun tí kò dáa níwájú, á dúró, á sùn sí gáréèjì, kò sẹ́ni tó máa bú u.

Ní báyìí, àwọn ọmọ wa ti ní ọkọ̀ tiwọn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló ń wakọ̀ gbé bàbá àti ìyá lọ. Kò mọ Òmù-Àrán yàtọ̀ sí Òró. Fóònù lojú ẹ̀. A ò bá a wí, àwa náà là ò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, ìyá àti bàbá wa ni.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa gbé ìyá ẹ̀ lọ síbi òkú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kọjá Kàbà, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, fóònù ní kó yà sápá òsì, pé ìṣẹ́jú 21 lọ̀nà yẹn máa fi yá. Ó yà. Kò pẹ́ tí ọ̀dà fi tán, tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló na ọwọ́ dá wọn dúró, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, níbo lẹ ń lọ?" Bàbá náà kò jẹ́ kí wọ́n lọ mọ́. Ilé baálẹ̀ abúlé yẹn ni wọ́n sùn, lórí ẹní, wọ́n fún wọn ní ẹ̀bà jẹ. Ìṣẹ́jú 21 yẹn di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá náà ń fi ṣe ẹ̀rín báyìí. Ká ní kì í ṣe àgbẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé ńkọ́?

Ó yẹ ká mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí àìmọ̀ ẹ̀ ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa ná owó tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ rò pé data ló ń sọ fún fóònù ibi tó wà. Rárá o. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí Amẹ́ríkà gbé sójú ọ̀run, nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ló ń fọhùn wá sísàlẹ̀ tọ̀sán-tòru. Fóònù yín kàn ń gbọ́ wọn ni, kì í dá wọn lóhùn, bí ìgbà tá a bá ń gbọ́ rédíò. Tó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin dáadáa, á ṣírò ibi tó wà. Níta gbangba tí kò sí ilé gíga tàbí igi tó bo ojú ọ̀run, àṣìṣe ẹ̀ kì í sábà ju mítà márùn-ún lọ. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, ọ̀pọ̀ fóònù tá à ń rà ní báyìí ló sì ń gbọ́ gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún un.

Ohun tó ń jẹ data ni àwòrán ọ̀nà tó wà lábẹ́ àmì yẹn, orúkọ ìlú, ilé epo, ìròyìn gosiló. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ nínú igbó, ẹ ṣì máa rí àmì búlúù kékeré yẹn tó ń rìn, àmọ́ á máa rìn lórí ibi funfun tí kò sí nǹkan kan. Ó mọ ibi tó wà, kò kàn mọ ibi tí ọ̀nà wà.

Àwa tá a wà lókè ọ̀hún ló yẹ kó tètè yé jù. Ṣebí ojú wa ló ṣe ní 2021, tíjọba ní kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Zamfara, lẹ́yìn náà ní apá kan Katsina àti Kàdúná, nítorí àwọn agbébọn. Ní 2013 náà, wọ́n pa á ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ẹni tó bá ń gbé ìgbẹ́kẹ̀lé ẹ̀ lé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní irú ibi báyìí, ẹ bá a dúpẹ́ pé kò tíì rí nǹkan. Yàtọ̀ sí tìjọba, kéèyàn má tíì rin jìnnà sí ìlú ńlá kan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti máa wá, tá á tún máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹ̀rọ rírà. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó bá ọkọ̀ tokunbo dé. Wọ́n á tan iná ẹ̀, àwòrán á yọ gàgàrà, ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ní, "Alhaji, ó ní nafigéṣọ̀n o!" kí owó lè gun òkè sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Máàpù ibi tí ọkọ̀ ti wá ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, bóyá Bẹ́ljíọ̀mù, bóyá Amẹ́ríkà. A ti rí ọkọ̀ kan tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa gan-an tí ẹ̀rọ ẹ̀ kò rí ọ̀nà kankan ní gbogbo Kánò, bíi pé inú òkun la gbé e sí. Ká tó rí máàpù Nàìjíríà tó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mu fi sí i, wàhálà ni, àwọn tó sì ń sọ pé àwọn máa fi sí i lójú títì, owó yín ni wọ́n ń wá. Ẹ má fi kún owó ọkọ̀ nítorí ẹ̀.

Ìkejì ni àpótí kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bíi Garmin àti TomTom. Nǹkan tó dáa ni. Kò nílò data, ojú ẹ̀ tóbi, ìpè kì í wọlé sí i láàárín ìrìn, kò sì ń jẹ bátìrì fóònù. Àmọ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé máàpù Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, ọdún wo sì ni máàpù náà? Àpótí tí ọmọ yín rà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ Yúróòpù ló máa wà nínú ẹ̀. Ká tún ra máàpù tiwa sí i, owó mìíràn nìyẹn. Fún ẹni tó ń lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a ò rí ìdí ẹ̀. Dírẹ́fà tírélà tó ń ná Èkó, Cotonou àti Accra lóṣooṣù, ìyẹn lè rò ó.

Ìkẹta ni fóònù tó wà lápò yín. Ibẹ̀ là ń lọ.

Google Maps ló wọ́pọ̀ jù, ó sì dáa, pàápàá nínú ìlú. Láti 2019 ló ti ń fi ohùn tó jọ ti ọmọ Nàìjíríà pe orúkọ títì fún wa, a ò tún gbọ́ kó máa pe Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ ṣí i níbi tí data wà, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ máa rí "Offline maps". Ẹ fa àpótí yẹn bo ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ ní kó gbà á sílẹ̀. Àpótí kan kò lè bo ọ̀nà Kánò dé Ìbàdàn tán, ẹ gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má sì rò pé èyí tẹ́ ẹ gbà ní Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ tí kò bá rí àtúnṣe bí ọdún kan. Tí kò bá sí data, kò ní sọ ti gosiló, kò sì ní fún yín ní ọ̀nà míì láti yàn nínú ẹ̀. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́.

Ẹ tún fi ọ̀kan tì í. Organic Maps àti OsmAnd ń lo máàpù OpenStreetMap, èyí táwọn aráàlú káàkiri ayé ń fọwọ́ ara wọn yà láti 2004. Wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ẹ lè gba gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tá a tún fẹ́ràn nínú wọn ni pé ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin tá a sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní èyí lórí fóònù ẹ̀ ni, bóyá ẹní baálẹ̀ kì bá kàn án. Waze ní tiẹ̀, data ni oúnjẹ ẹ̀, Èkó àti Àbújá ni kẹ́ ẹ fi í mọ sí.

Kò tán síbẹ̀ o. Oòrùn Kánò kì í ṣe eré. Fóònù tẹ́ ẹ gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú gíláàsì, tó tún ń gba ṣájà, tó tún ń fi máàpù hàn, á gbóná títí á fi pa ara ẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn éésì ti ń fẹ́ sí i. Ẹ ra ohun ìdífóònùmú tó dáa, kì í ṣe èyí tí á já bọ́ ní gálópù àkọ́kọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́fà ni kó máa tẹ fóònù, dírẹ́fà kó máa fi etí gbọ́. Àwọn FRSC kò sì ní bá yín ṣàwàdà tí wọ́n bá rí fóònù lọ́wọ́ yín lórí ìrìn, máàpù ni o, ìpè ni o.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti dun wa jù la fẹ́ dé báyìí. Ẹ gbé máàpù wò, ẹ fojú wá Kánò, ẹ fojú wá Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà tó tààrà jù láàárín wọn, Kàdúná ni, Birnin Gwari, Tegina, Kontagora, Mokwa, Jẹ́bà, Ìlọrin. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà nìyẹn. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí ojú èèyàn ti rí lọ́nà Birnin Gwari láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, èèyàn tí wọ́n jí gbé, owó tí ẹbí tà ilé san. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Ó mọ kìlómítà, ó mọ ìṣẹ́jú. Fún òun, ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀ lórí ẹ̀, ọ̀nà tó dáa ni. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló lé ọkọ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ibẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀, pé wọ́n tún ọjà màlúù Birnin Gwari ṣí ní ìparí 2024. Ó ṣeé ṣe. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tàbí dírẹ́fà tó gba ibẹ̀ kọjá lánàá, ló lè sọ fún wa pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìlà búlúù kan pinnu ẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀pọ̀ ń gbà, Àbújá sí Lọ́kọ́ja, kẹ́ ẹ yà sí Kàbà, Mọ́pà, Iṣánlú, Ẹ̀gbẹ̀, kẹ́ ẹ já sí Òmù-Àrán, òun náà ní tiẹ̀ lára. Kòtò ń bẹ níbẹ̀ tó lè gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá mì. Ní oṣù kọkànlá 2025 sì ni àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku, lójú ọ̀nà yẹn gan-an. Torí náà a ò ní sọ pé ẹ gba tibí, ẹ má gba tọ̀hún. Ohun tá à ń sọ ni pé ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ń lọ ni kẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe oṣù tó kọjá.

Omi náà wà níbẹ̀. Ní 2022, Odò Ọya kún bo títì láàárín Lọ́kọ́ja àti Kotonkarfe, ọkọ̀ tò lọ bí òkúta, àwọn èèyàn sùn sínú mọ́tò. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2025, àgbàrá ya wọ Mokwa lóru, ó gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ, ó gbá ọ̀nà àti afárá lọ. Máàpù tẹ́ ẹ ti gbà sórí fóònù ṣáájú ọjọ́ yẹn, afárá yẹn ṣì wà lórí ẹ̀ digbí. Ìdí nìyẹn tá ò fi fẹ́ kẹ́ni tó gba máàpù sílẹ̀ wá gbàgbé ẹnu.

Ọgbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ fún wa rèé, ó sì rọrùn. Ẹ má kọ orúkọ ilé sínú fóònù láti Kánò. Ẹ kọ Kàdúná. Tẹ́ ẹ bá dé Kàdúná, ẹ kọ Àbújá. Ní Àbújá, ẹ kọ Lọ́kọ́ja. Ìlú sí ìlú. Báyìí, ẹ̀yin lẹ yan ọ̀nà, òun kàn ń tẹ̀ lé yín. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ yà sí gáréèjì tàbí ilé epo ńlá, ẹ béèrè bí iwájú ṣe rí. Bí dírẹ́fà àtijọ́ ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Tí fóònù bá ní kẹ́ ẹ yà kúrò lórí títì ńlá nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ má dá a lóhùn, á bínú díẹ̀, á tún ọ̀nà ṣírò. Aago tó bá sì sọ pé ẹ máa dé, ẹ fi wákàtí mẹ́ta lé e. Kò mọ iye ibi tí wọ́n ti máa ní "Wetin you carry?" kẹ́ ẹ tó délé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú náà ń da èèyàn rú. Ẹni tó kọ Èjìgbò láìfi Ọ̀ṣun tì í, ó lè bá ara ẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó, torí Èjìgbò wà ní Èkó náà, nítòsí Ìsọlọ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun, Òkè-Ìmẹ̀sí wà ní Èkìtì, wọn kò sì jìnnà síra, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Ìlárá tó wà ní Oǹdó àti Ìlárá tó wà ní Ògùn. Ẹ kọ ìpínlẹ̀ tì í, kẹ́ ẹ sì wo ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí máàpù kẹ́ ẹ tó tẹ "Start". Ní ti ilé baba yín gan-an, tí kò ní nọ́ńbà, tó jẹ́ ẹ̀yìn ilé Bàbá Alágbẹ̀dẹ nílùú ń pè é, kí ẹni tó wà nílé fi "location" ránṣẹ́ láti orí WhatsApp ní ọjọ́ tí ara yá, ẹ fi pamọ́. Google náà ní kóòdù kúkúrú tó ń pè ní plus code fún ibi tí kò ní àdírẹ́sì. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé, kódà sára ògiri.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ń bẹ fún yín níbí. OpenStreetMap tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni ló lè fi títì abúlé ẹ̀ sí i. Ìlú tí ẹnì kan kò bá yà sórí máàpù, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n títí ayé.

Ní ti òkè òkun. Àwọn ará Èjìgbò tó ń ná Àbíjáǹ, àtàwọn tó ń lọ kó ọjà ní Cotonou àti Lomé, ẹ̀yin lẹ nílò máàpù tí kò gba data jù lọ. Kẹ́ ẹ tó kọjá Seme tán, láìnì Nàìjíríà ti di olówó gọbọi. Ẹ gba máàpù Benin, Togo, Ghana àti Ivory Coast sílẹ̀ látilé. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Apá ọ̀tún là ń rìn ní gbogbo ibẹ̀ bíi tiwa, ìyẹn kò le. Ìwé ọkọ̀ àti ìṣọ̀ọ́ránsì Brown Card ti ECOWAS ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ kò mọ ohun tíjọba bá sọ lórí bọ́dà. Láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020 ni Seme fi wà ní títì. Lọ́dún 2023, lẹ́yìn táwọn ṣọ́jà gbàjọba ní Niger, bọ́dà apá Katsina tó wà nítòsí wa níbí náà tì. Títì kò kúrò lórí ilẹ̀ o, èèyàn ni kò lè kọjá.

Ìlú Ọba yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ yìí ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ pé. Ẹ kọ postcode ilé ọmọ yín sí i, ó máa gbé yín dé ojúlé bí ẹni mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó bá lọ kí ọmọ lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ kékeré níbẹ̀ fún oṣù 12. Apá òsì ni wọ́n ń rìn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ṣe kó tó di April 2, 1972. Tẹ́ ẹ bá dé ráńdábáòtù, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Máìlì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kìlómítà, ẹ ṣètò fóònù yín bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni àpótí Garmin tàbí TomTom ti tó owó ẹ̀, torí ó ń sọ ìwọ̀n eré títì kọ̀ọ̀kan àti ibi tí kámẹ́rà wà. Ẹ má di fóònù mú lọ́wọ́ lórí ìrìn rárá: £200 ni, pẹ̀lú àmì 6 lórí láísẹ́ǹsì. Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ni ULEZ ti dé láti 2023, £12.50 lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ kò bá ìlànà mu. Ẹ̀rọ lè kìlọ̀ fún yín, kò lè bá yín san án. Ìwé á délé ọmọ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti padà sí Kánò, òun ni á sì máa sanwó ìrìn tẹ́ ẹ gbádùn.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa sọ pé gbogbo wàhálà fóònù yìí kò sí níbẹ̀, pé ẹnu tó bá ń béèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹnu tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ lóru lórí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín? Ẹni tí ò mọ ibi tó wà, tó wá bọ́ sílẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àlejò, ti sọ fún àlejò yẹn pé òun ò mọ ibi tí òun wà. Fóònù ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Torí náà, inú gáréèjì ni ká ti máa béèrè, lójú ọ̀sán, ká fi máàpù rin ìyókù. Ẹ fi "live location" ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà nílé àti ẹnì kan níbí, àwọn méjì yẹn nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa gbé e síta fún gbogbo ayé pé "A ti kọjá Lọ́kọ́ja o, à ń bọ̀ lọ́nà," pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ tuntun. Ẹ délé ná, kẹ́ ẹ tó fi fọ́tò ẹran Iléyá hàn wá.

Ní báyìí, ẹni tó bá gba Lọ́kọ́ja sí Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ yìí, kó jọ̀wọ́ sọ fún wa bó ṣe rí: ibi tí kòtò ti burú jù, ibi tí ṣọ́jà wà, aago tó kúrò ní Lọ́kọ́ja àti aago tó dé Òmù-Àrán. Ẹni tó gba Jẹ́bà náà, kó sọ bí títì Mokwa ṣe wà lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ìdílé mẹ́ta ládùúgbò wa ló ń gbéra lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìdájí, wọ́n sì ń dúró de èsì.